Àwọn Méjìlá Lábẹ́ Òfurufú Kan

Lálẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù òru bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó lábẹ́ bíríìjì Sango ní Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè wo ìràwọ̀. Bó bá tilẹ̀ gbójú sókè, kí ni yóò rí? Èéfín ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, eruku títì Abẹ́òkúta, iná ńláńlá tó mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ. Síbẹ̀, ẹ rìn wọnú àdúgbò díẹ̀, ẹ ó rí pátákó áfáà tó ń bá èèyàn wo ìràwọ̀. Inú yanrìn ni ìràwọ̀ ọ̀hún wà. Mo ti jókòó níwájú ọ̀kan nínú wọn rí. Ó da yanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ gúdú-gúdú ní ìlà mẹ́rin, ó wá ń pa á rẹ́ ní méjì-méjì títí ó fi ku ẹyọ kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Kò bi mí ní wákàtí tí wọ́n bí mi. Orúkọ mi ló béèrè, àti orúkọ ìyá mi.

Ọ̀nà jíjìn ni ìbéèrè yẹn ti wá. Àwọn ará Bábílónì ló pín ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lójú ọ̀run sí ilé méjìlá ọgbọọgba, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Íńdíà ti ní tiwọn, ibùwọ̀ òṣùpá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ọgbọ́n méjèèjì pàdé, wọ́n fi wọ́n ṣe àtẹ ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ní Alẹkisáńdíríà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Kristi, awòràwọ̀ nì, Ptolemy, so ilé méjìlá náà mọ́ ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà. Ayé ń mì lórí ìdí rẹ̀ bí òkòtò tó fẹ́ dákẹ́, ọjọ́ yẹn sì ń yẹ̀ kúrò lára àwọn ìràwọ̀ ní ìwọ̀n (dígírì) kan láàárín ọdún 72. Ilé tí Ptolemy so mọ́ àkókò ń lọ, ìràwọ̀ dúró. Lónìí, àlàfo tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì tó ìwọ̀n 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ilé kan. Àwọn ará Íńdíà ní ara ìràwọ̀ gan-an làwọn yóò dúró sí. Ní 1955, ìgbìmọ̀ tí onímọ̀ físíìsì nì, Meghnad Saha, jẹ́ alága fún ló gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn yóò máa lò.

Ìmọ̀ ilé méjìlá náà gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá, ó sọdá aṣálẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti iyọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn áfáà wa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan já dànù lójú ọ̀nà: wákàtí ìbí. Nílẹ̀ tí ìyá ti ń sọ pé ọdún tí eéṣú jẹ oko ni òun bí ọmọ òun, ta ni yóò sọ ìṣẹ́jú? Áfáà wá sọ lẹ́tà orúkọ di nọ́ńbà, ó ro tìrẹ pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ, ó fi méjìlá pín in. Iye tó bá ṣẹ́kù ni ilé ìràwọ̀ rẹ. Èmi ò rí i bí ẹ̀tàn. Ọgbọ́n ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò pé, tó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ni mo kà á sí.

Àwọn tó ni Ọ̀tà kò tilẹ̀ wo òkè. Àwórì ni wọ́n. Ìtàn wọn ní nígbà tí Ògúnfúnminíre, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fin, ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, Ifá ní kó gbé àwo lé odò Ògùn kó sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibi tó bá rì sí ni kó tẹ̀dó sí. Ìṣẹ́rí ni àwo ti rì. Orúkọ ẹ̀yà nìyẹn. Ohun tó rì sómi ni wọ́n kà, kì í ṣe ohun tó tàn lókè.

Ìgbà kan wà tí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ dá sí i. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo ojú oòrùn, ọ̀sán sì dòru. Samuel Bilewu Oshoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́ tó ń ṣòwò gẹdú, wà nínú igbó Dàhòmì nígbà náà. Ó sọnù síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tó jáde, kò ka òkùnkùn ọ̀sán náà sí àmì ibi, ìpè ló kà á sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀. Ìmẹ̀kọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ni wọ́n sin ín sí.

Ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 ló máa ń mú mi rántí àwo Ọlọ́fin. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìgbì dojú ọkọ̀ afàkọ̀ yìí dé lójú òkun Escravos, ó sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ ní bí 30 mítà. Èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè wọn, wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi gbé e títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí. Pátá nìkan ló wà nídìí rẹ̀, Coca-Cola kan ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń jẹ nǹkan nínú òkùnkùn, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó lo bí ọgọ́ta wákàtí níbẹ̀. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Nínú fídíò tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan yọ nínú omi dúdú. Òmùwẹ̀ rò pé ọwọ́ òkú ni, ó nawọ́ mú un, ọwọ́ náà sì dì í mú.

Mo gbé àtẹ ìràwọ̀ ìdájí yẹn kalẹ̀ lọ́nà ti Íńdíà. Àgbò ló ń yọ ní ìlà oòrùn. Oòrùn, Mársì, Mẹ́kúrì, Júpítà àti Àgùàlà kó ara wọn jọ sílé Akọ Màlúù. Òṣùpá ti kún lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì sún mọ́ ayé gan-an; ilé Àkekèé ló wà, níbi tí wọ́n gbà pé agbára rẹ̀ ti já. Tí a bá kà á láti Àgbò, ilé kẹjọ ni, ilé ikú àti ohun tó fara pamọ́. Ara mi bù máṣọ. Ìṣirò ti Ptolemy ńkọ́? Ilé Tafàtafà ni tiẹ̀ fi òṣùpá sí, agbára rẹ̀ kò sì já rárá.

Ṣùgbọ́n méjìlá ni wọ́n. Òṣùpá tó wà nílé kẹjọ fún Okene ló wà níbẹ̀ fún àwọn mọ́kànlá yòókù. Awòràwọ̀ yóò ní ká mú wákàtí ìbí oníkálukú wá. Àwa tí a ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ èèyàn ayé lọ, tí a mọ Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, mélòó la rí tí Táíwò ń ṣòwò tí Kẹ́hìndé sì ń sùn lórí gbèsè? Wọ́n ní ìbejì pàápàá yàtọ̀, pé ìpín kẹsàn-án ilé a máa yí padà láàárín bí ìṣẹ́jú 13. Ó dáa. Láti wá ìṣẹ́jú yẹn, a ó padà sí kóòtù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ra àfidáfíìtì ọjọ́-orí, níbi tí akọ̀wé ti fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ta wá lọ́rẹ.

Lísà kò jìnnà sí Ọ̀tà. Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú Bellview gbéra ní Èkó lẹ́yìn agogo mẹ́jọ ààbọ̀, ó ń lọ sí Àbújá. Wákàtí ìgbéra rẹ̀ wà nínú ìwé, kò sóhun tí àtẹ ìràwọ̀ tún ń fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìkéde jáde láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé ẹ̀bá Kìṣí ló já sí, pé ọ̀pọ̀ ló yè. Ẹbí sọkún ayọ̀, àwọn kan ti ń dúpẹ́. Lísà, lágbègbè Ìfọ̀, ni wọ́n ti wá rí i, nínú ihò tó jìn. Nínú àwọn 117 tó wọ̀ ọ́, kò sọ́wọ́ tó yọ.