Refugee Astronaut III
Ère tí Yinka Shonibare ṣe ní 2019, tó wà ní gbọ̀ngàn Being Human ní Wellcome Collection, ilé àkójọ ìmọ̀ ìlera ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Shonibare ní 1962, Èkó ló dàgbà sí. Ère náà ga tó ènìyàn: arìnrìn-àjò òfuurufú tó wọ àńkárá, tó so ẹrù ilé sínú àwọ̀n, tó gbé e sẹ́yìn. Kò wá ilẹ̀ tuntun gbà o. Ogunléndé ni, tí àyíká bíbàjẹ́ lé kúrò nílé. Àńkárá yìí, tí wọ́n ń tà láti ọjà Balógun ní Èkó dé Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, àwòkọ bàtíìkì Indonéṣíà ni. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Shonibare ti fi àńkárá wọ arìnrìn-àjò òfuurufú ṣáájú, nínú iṣẹ́ rẹ̀ Space Walk, ní 2002.