Ìyẹ́, Ìpẹ́ àti Iyanrìn Ténéré

Kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ ní Vai Town, létí odò Mesurado ní ìlú Monrovia, tí yóò kan eegun dáínásọ̀. Ọ̀pọ̀ òkúta tó gbé orílẹ̀-èdè Làìbéríà dúró ti lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún. Wọ́n ti darúgbó kí dáínásọ̀ kankan tó dáyé. Ẹni tó bá ń wá àwọn apẹranjẹ ńlá ayé àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger ni kí ó kọjú sí.

Ní ọdún 1997, èékánná àtàǹpàkò ńlá kan ni ikọ̀ Paul Sereno, láti Yunifásítì Chicago, kọ́kọ́ rí níbẹ̀, kí wọ́n tó rí ọ̀pọ̀ eegun ẹranko tó ni ín. Ní 1998 wọ́n sọ ọ́ ní Suchomimus, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó ń sín ọ̀nì jẹ, nítorí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, eyín ibẹ̀ sì lé ní 100. Gígùn rẹ̀ tó mítà 11.

Ǹjẹ́ ó ní ìyẹ́? Ìbéèrè yìí ìbá dà bí àwàdà nígbà kan. Lóòótọ́, ní 1996 ni a ti gbọ́ nípa Sinosauropteryx láti Liaoning ní Ṣáínà, tí ihùùhù bo ara rẹ̀ bí òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n ẹranko kékeré ni. Ní 2012 ni Xu Xing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Yutyrannus: bíi mítà 9 ní gígùn, ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 1,400, síbẹ̀ ihùùhù rẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. (Lọ́wọ́ oníṣòwò ni wọ́n ti rà á, ẹnu olùtajà ni a ti gbọ́ ibi tó ti hú u.)

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ní Liaoning, eérú òkè ayọnáyèéfín àti ẹrẹ̀ kúnnákúnná ìsàlẹ̀ adágún ló bo òkú ẹranko, tí ihùùhù fi fi àmì sílẹ̀ lára òkúta. Ní Ténéré, iyanrìn odò ni. Omi a máa yí òkú kiri, awọ a jẹrà, eegun àti eyín a sì ṣẹ́kù. Àìrí ìyẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní gbà kí ayàwòrán kan ṣáà da ìyẹ́ bo gbogbo wọn: Carnotaurus ti Ajẹntínà, ìbátan Rugops tí wọ́n rí ní Niger ní ọdún 2000, ìpẹ́ ló hàn lára awọ rẹ̀.

Eegun pàápàá kì í pẹ́ sọnù. Spinosaurus, ìbátan Suchomimus, Íjíbítì ni wọ́n ti hú u ní 1912 fún Ernst Stromer, tó fún un lórúkọ ní 1915. Wọ́n kó o lọ sí Munich ní Jámánì. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹrin ọdún 1944, àdó olóró àwọn Gẹ̀ẹ́sì jó ilé náà. Àwòrán Stromer àti fọ́tò díẹ̀ ló kù. Ó di 2014 kí ìròyìn eegun mìíràn tó pọ̀ díẹ̀ tó jáde láti Mòrókò.

Ouranosaurus, tí Philippe Taquet fún lórúkọ ní 1976, Ténéré kan náà ni wọ́n ti hú u. Ewéko ló ń jẹ, kì í ṣe ẹran. Ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ wà ní Niamey, ní Mùsíọ́ọ̀mù Boubou Hama, níbi tí ọmọ Niger ti lè wò ó láìwọ ọkọ̀ òfuurufú.