Ọmọ Ìhà Wo Ni Ìyá Yìí?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ wà lókè òkun, mo kí yín láti Pessu, ní ìlú Warri. Owó tí ẹ kó jọ fún àwọn arúgbó tí wọn kò tíì gbérí láti ìgbà ogun Warri ti dé ọwọ́ wa. Ẹ ṣeun gan-an. Ìwé kékeré kan bá a wá, tí ẹnìkan nínú yín kọ, pé Ìṣẹ̀kírì nìkan ni kí a fún, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Lóòótọ́, ìbátan wà. Létí odò Warri ni Pessu wà, àdúgbò Ìṣẹ̀kírì ni láti ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò ta etí nígbà tí ó bá wọ ọjà. Ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọma; Oritse ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ nínú ọjà náà. Ẹ ó gbọ́ Ijaw àti Urhobo pẹ̀lú kí ẹ tó ná ẹja tán, Píjìn ni gbogbo wọn yóò sì fi pari ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ. Ní ọdún 1952, ìjọba Action Group ti Ìwọ̀ Oòrùn, tí tiwa pọ̀ jù nínú rẹ̀, yí oyè Olú Ìṣẹ̀kírì padà sí Olú Warri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí. Àwọn Urhobo àti àwọn mìíràn rò ó pé ẹni tí ó bá jọba lórí orúkọ ìlú yóò jọba lórí ilẹ̀ wọn náà, rógbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ní láti yí orúkọ ẹkùn náà kúrò ní Warri sí Delta kí ara lè tù wọ́n. Nítorí náà, a kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀ràn yìí.

Ogun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1997. Ìjọba Abacha dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ sí Ogbe-Ijoh láàárín àwọn Ijaw, wọ́n sì tún gbé e lọ sí Ogidigben láàárín àwọn Ìṣẹ̀kírì. Nítorí ibi tí a ó kọ́ ọ́fíìsì sí, ilé jóná, ènìyàn kú. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2003. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún epo Nàìjíríà ni kò lè jáde mọ́, gbogbo ayé sì gbọ́ nítorí epo. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn Red Cross sọ pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn kò lókìkí tó ti epo.

Ìyá kan wà níbí tí n kò ní dárúkọ. Ijaw ló bí i, Ìṣẹ̀kírì ló fẹ́ ẹ. Ní 1997, àbúrò rẹ̀ wà ní ìhà kan, àkọ́bí rẹ̀ wà ní ìhà kejì. Ó sọ fún mi pé gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ìhà tí òun wà, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá òun ti jẹun. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Warri. Wọ́n ti ń fẹ́ra wọn tipẹ́.

Ẹ rántí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí kejìlá. Àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá pe Ṣiboleti. Ẹni tó bá pè é ní Siboleti, ó di òkú. 42,000 ni Bíbélì kà, ọmọ Ísírẹ́lì sì ni ìhà méjèèjì. (Ará Ìbàdàn inú yín mọ̀ pé “ṣ” àti “s” kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.)

Ẹ rí i bákan náà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022. Èdè wọn jọra, ìjọ Onítẹ̀bọmi wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn kan sì bí ọmọ síhìn-ín, wọ́n bí sọ́hùn-ún. Mo mọ ẹni tó gbógun wọ ilé ẹlòmíràn, n kò sì ní pè é ní ohun mìíràn. Síbẹ̀, ìyá ọmọ ogun tó kú kò pàṣẹ ogun kankan.

Láti ìgbà tí INEC ti gbé ètò pípín wọ́ọ̀dù tuntun jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ara tún ti ń ta wọ́n ní Warri. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn ohùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí ìbọn kò lè dé ni ohùn yín le jù.

Owó náà, ilé mẹ́sàn-án ni mo pín in fún. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn. N kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orúkọ tí mo kọ sínú ìwé ìṣirò sì wà ní ọ́fíìsì wa fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Bí inú ẹni tó kọ ìwé kékeré yẹn kò bá dùn sí i, kí ó kọ̀wé sí mi. Mo ti ya ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀, n ó dá a padà fún un.