Àbámọdá Nínú Ilé Onígíláàsì

Bí ẹ bá yà sí ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó l'Ékòó lónìí, ẹ ó rí àwọn ewéko kéékèèké nínú ìkòkò funfun, ewé wọn nípọn, omi sì kún inú rẹ̀. "Succulent" lorúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ́jà, owó gidi sì ni wọ́n ń tà wọ́n. Ẹni tó rà á lè má mọ̀ pé àbámọdá àti odúndún ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà wà nínú agbo kan náà: ewéko tó ń fi omi pamọ́ sára de ọjọ́ ọ̀dá. Ìtàn bí irú ewéko wọ̀nyí ṣe wọ ilé onígíláàsì ní Yúróòpù la fẹ́ sọ. Inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bi: kí ló dé tí tèmi fi jẹrà, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ín?

Ní 1772, ọgbà ọba tó wà ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, rán Francis Masson, olùtọ́jú ọgbà ọmọ Scotland, lọ sí Cape ní gúúsù Áfíríkà. Ọkọ̀ Captain Cook ló bá lọ. Ìrìn àjò mẹ́ta ló rìn wọ inú ilẹ̀ lọ nígbà yẹn, ó sì dé Karoo, ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í pọ̀, tó jẹ́ òkúta àti yanrìn lọ jàrà. Ní ìrìn àjò àkọ́kọ́, ọmọ Khoikhoi kan ló wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Ewéko kan ń jẹ́ Massonia títí dòní nítorí Masson. Awakọ̀ yẹn ńkọ́? Ìtàn ò dárúkọ rẹ̀ fún wa.

Lára ohun tí Masson fẹ́ràn jù ni stapelia, ewéko tí kò ní ewé tó ṣeé kà sí ewé, tí omi kún ara igi rẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́ kí eṣinṣin lè wá bà lé e. Ó ya àwòrán wọn ní Cape níbi tí wọ́n ti ń hù, ó sì kó wọn sínú ìwé Stapeliae Novae, tó jáde láàárín 1796 sí 1797.

Nílùú òyìnbó, òtútù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ilé onígíláàsì ni wọ́n fi kojú rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì wọ́n, torí ìjọba ń gba owó orí lórí rẹ̀. Ní 1845 ni wọ́n fagi lé owó orí náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ń sún mọ́ àrọ́wọ́tó àwọn ìdílé tó rí jájẹ. Síbẹ̀, gíláàsì lè dí òtútù lọ́nà. Kò lè sọ fún ẹni tó gbé omi dání irú ilẹ̀ tí ewéko náà ti wá.

Ibí ni àbámọdá ti wọlé. Madagascar ni wọ́n mọ̀ sí orírun rẹ̀, ó sì ti tàn kiri ayé. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tọ́ ewé rẹ̀ wò. Láàárọ̀ kùtù, ewé náà kan gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1815. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: alẹ́ ni ewé náà máa ń ṣí ihò tíntìntín ara rẹ̀ láti gba atẹ́gùn, á sì sọ ọ́ di ohun kíkan. Tí oòrùn bá yọ, á pa ihò náà dé kí omi má baà lọ, á wá máa lo ohun tó ti tọ́jú. Ìdílé àbámọdá àti odúndún ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi sọ ọgbọ́n yìí lórúkọ.

Ní Jámánì, Goethe, akéwì ńlá, gbin àbámọdá sílé. Ọmọ kéékèèké tó ń hù létí ewé náà yà á lẹ́nu débi pé ó ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó mọ ilé ewéko ló mọ ìtọ́jú rẹ̀. Omi ojoojúmọ́, àkẹ́bàjẹ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò, ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ ná. Ẹ yan ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nídìí, tó fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkòkò ràgàjì ń gba omi dúró ju ohun tí gbòǹgbò lè mu lọ. Ẹ po yanrìn gbàǹgbà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ gé gbòǹgbò tó bá ti jẹrà, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ sì dúró bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bomi rin ín.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú iṣẹ́ yìí. Kíkó ètò àtijọ́ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ń fẹ́ ẹni tó mọ ohun tí ètò náà gbára lé níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Igi kan tí Masson mú dé Kew ní 1775 ṣì wà láàyè. Kì í ṣe succulent, àmọ́ inú àpótí ló ń gbé títí di òní, wọ́n sì pààrọ̀ àpótí rẹ̀ ní 2009. Ọwọ́ kan gbé e lé ọwọ́ mìíràn, pẹ̀lú ìmọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ yẹn ló ń bà wá lẹ́rù fún odúndún. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, orúkọ odúndún bá wọn lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pè é mọ́ irú ewé kan tó jọ ọ́ níbẹ̀, ewé ìtutù ni lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àwọn ará ibẹ̀ sì tún ń pè é ní folha-da-costa, ewé tó ti etíkun Áfíríkà wá. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mú nǹkan kan dání rántí orúkọ ewé. Àwa tó wà nílé ń rà á nínú ìkòkò funfun, a ò mọ ẹni tí a rà. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè nígbà tó ṣì wà láti dáhùn.