Ojú Kírísítà, Inú Amọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ọjọ́ Orí Àwọn Ère Èsìẹ́

Láti 1933, tí H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ti ròyìn àwọn ère òkúta Èsìẹ́ fún àwọn ará ìta, ìbéèrè méjì ni kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ni ó gbẹ́ wọn, nígbà wo sì ni? Ilé tí a kọ́ fún wọn ní 1945 ni ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ìlú ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n tó di òkúta. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kò ní fi ọwọ́ rọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ìtàn náà kò dárúkọ ọdún.

Inú amọ̀ sísun tí a rí láàrin àwọn ère ni ọdún ti jáde. Ìwádìí fi hàn pé ó wọ iná ní nǹkan bí 1100. Báwo ni amọ̀ ṣe ń ka ọdún? Àwọn hóró kírísítà wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú yanrìn. Ìtànṣán tí ń jáde lára uranium, thorium àti potassium a máa ṣí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nípò, àwọn kan a sì há sí ibi tí kírísítà ti ní àbùkù. Iná amọ̀kòkò a tú wọn sílẹ̀, ìṣirò a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí a bá tún un mú gbóná lónìí, wọn a tú jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, èyí tí a fi ń ṣírò ọdún. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n ojú kírísítà kò jọ inú rẹ̀. Nínú, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò yíká. Lójú, apá kan ṣófo, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a sì há síbẹ̀. Èyí ni ó dí iṣẹ́ lọ́nà ní Bell Telephone Laboratories, Amẹ́ríkà, ní 1945, nígbà tí William Shockley gbìyànjú láti ti ìta darí iná mànàmáná inú silicon, tí kò ṣeé ṣe. John Bardeen ni ó ṣàlàyé pé àwọn tó há sójú ni ó ń dáàbò bo inú. Láti inú àlàyé yẹn ni òun àti Walter Brattain ti dé ibi transistor àkọ́kọ́ ní December 1947, ohun tó bí rédíò kékeré tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko.

Àwọn tí ń wá ọjọ́ orí amọ̀ náà mọ ẹ̀tàn ojú. Wọn a kọ́kọ́ ha bíi mìlímítà méjì kúrò lára àfọ́kù, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti lè tú ohun tó há síbẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, ojú tuntun tó ṣí lè mú ìmọ́lẹ̀ èké wá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń mú un gbóná nínú afẹ́fẹ́ nitrogen tàbí argon, níbi tí oxygen kò sí.

Kí ni èyí wá sọ fún wa? Òkúta àwọn ère náà rọ̀ bí ọṣẹ. A gbẹ́ ẹ ni, a kò sun ún. Iná kò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí amọ̀ ni 1100, kì í ṣe ti ère. Ẹni tó bá fi ọdún amọ̀ lé ère lórí, kí ó lè gbé Ilé-Ifẹ̀, Nupe tàbí Ọ̀yọ́ ga, ojú ọ̀rọ̀ ni ó dúró sí. Bí a ti ń ha ojú àfọ́kù kí a tó gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí ìtàn àtẹnudẹ́nu: kí a bi í pé ta ni ń sọ ọ́, fún ta, nígbà wo, kí a tó dé inú rẹ̀. Títí ẹ̀rí yóò fi so amọ̀ mọ́ òkúta dáadáa, ẹ jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.