Àdúrà àti Oògùn Òyìnbó: Láti Omi Òjò Ìjẹ̀bú dé Ilé Àbíyè Dọ́pẹmu

Ní Dọ́pẹmu, láti abẹ́ bíríìjì tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta títí wọ Akówọnjọ, ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà, ilé àbíyè, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àti ọsibítù aládàáni ló jọ fara kínra. Ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ lè yà ní mẹ́ta nínú wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ ìjọ kan gbé kuiníìnì, oògùn ibà, mì.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló bẹ̀rẹ̀ ìjà tó wà láàárín àdúrà àti oògùn òyìnbó. Bíbélì àti ìgò oògùn ni wọ́n jọ kó wá. Ní 1895, àlùfáà Kátólíìkì ará Faransé kan, Jean-Marie Coquard, dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1907, dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ti di ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Bowen lónìí. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní ilé wọ̀nyí, wọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà, wọ́n á sì fún aláìsàn ní oògùn.

Ọdún 1918 ló da nǹkan rú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni àjàkálẹ̀ àrùn fùlúù bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì gba ojú irin tó kọjá ní Agége lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Àwọn dókítà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè wò ó. Títí di 1933, kò tíì sí onímọ̀ kankan láyé tó dá kòkòrò tó ń fa fùlúù mọ̀ lára ènìyàn. Agbára àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò ká a. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèdájọ́ àwọn tó kọ oògùn sílẹ̀ nígbà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí pé oògùn ló kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare àti àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ń péjọ gbàdúrà. Olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Odunlami, ní òun gba iṣẹ́ láti ọ̀run: kí àwọn ènìyàn pa oògùn tì, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò. Àwọn tó gbà á gbọ́ di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó fi di 1922, ọ̀ràn oògùn àti ti ìrìbọmi ọmọdé ti mú kí wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìjọ náà kọ oògùn pátápátá, àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Èkó, pẹ̀lú David Odubanjo, sì gba orúkọ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àgbo bọ́ sí i, abẹ́rẹ́ bọ́ sí i. Ní 1925, Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí àrùn mìíràn tí eku ń gbé kiri ń pa àwọn ará ìlú náà.

Ọdún 1928 ni Joseph Ayo Babalola, tó ń wa kátakàta fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà, gbọ́ ìpè ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì. Ọdún yìí kan náà ni Alexander Fleming rí penisílìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí kò ní dé ọwọ́ aláìsàn ní ilẹ̀ Yorùbá títí ogun àgbáyé kejì fi ń lọ sópin. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí Babalola bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Èrò ń gbé ìgò, kèrègbè àti àmù omi wá kí ó lè gbàdúrà sí i. Wọ́n gbé omi náà lọ sílé fún ẹni tí kò lè rìn, fún àgàn, fún ọmọ tí ibà ń ṣe. Àwọn mìíràn kó oògùn ìbílẹ̀ àti òǹdè wọn wá fún sísun.

Àwọn olórí ìsọjí náà ké sí Ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míṣọ́nnárì sì dé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Àwọn olórí ìsọjí rí i pé àwọn òyìnbó tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá yìí ń lo kuiníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Òyìnbó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Babalola, Odubanjo àti Isaac Akinyele ní ẹ̀ṣẹ̀ wà. Láàárín 1939 sí 1941, wọ́n pín yà, apá ti Babalola sì forúkọ sílẹ̀ ní 1943 gẹ́gẹ́ bíi Ìjọ Kristi Àpọ́sítélì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAC.

Akinyele di ìpinnu láti má lo oògùn mú dé ojú ikú. Ó di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ní 1957. Kò sí ọsibítù tó tóbi tó o ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ìlú tí ọba rẹ̀ kì í fi ẹnu kan oògùn ló sì wà. Ó wàjà ní 1964.

Ohun tó mú ìjà náà rọlẹ̀ kì í ṣe àríyànjiyàn. Oògùn ló yí padà. Penisílìnì dé, kilorokúìnì dé, ọmọ tí òtútù àyà ìbá pa ń dìde jókòó lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ọmọ ìjọ rí i pẹ̀lú ojú wọn. Ẹ̀kọ́ ìwòsàn àtọ̀runwá ṣì wà nínú ìlànà CAC, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ń gba oògùn, wọ́n sì ń gbàdúrà sí i kí wọ́n tó gbé e mì.

Àwọn tó wá láti Ìjẹ̀bú, Iléṣà àti Èkìtì láti máa gbé ní Dọ́pẹmu, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà kó ìtàn yìí dání. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, níbi tí Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà wà, kún débi pé ìkànìyàn 2006 rí 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀, ju ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn ní Èkó. Ilé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì sún mọ́ aboyún ju ọsibítù lọ, owó rẹ̀ fúyẹ́, agbẹ̀bí ibẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń gba káàdì ní ọsibítù, tí wọ́n sì tún ń forúkọ sílẹ̀ ní ilé àbíyè. Nínú báàgì kan náà ni ìgò omi àdúrà, òróró àti oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ wà. Ní ọsibítù pàápàá, nọ́ọ̀sì sábà máa ń dárin, tí wọ́n á sì gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìfúnpá.

Ewu tó wà nínú ilé àbíyè kò kéré. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, wákàtí díẹ̀ ló lè wà láàárín ìyá àti ikú. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sára ló ń gbà á là. Agbẹ̀bí tó bá dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ dúró, tó ní ìgbàgbọ́ ìyá náà kò tíì tó, ń ṣe ohun tó burú gan-an.

Ìjọba náà ti ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2004, àjọ NBC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fòfin de fífi iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, àwọn aláṣẹ ìlera lọ bá wòlíì T.B. Joshua ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìkòtún, níbi tí aláìsàn ti ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè, pé kí ó bá wọn dá ẹni tó bá ní àrùn náà lẹ́kun àtiwá. Ó gbà. Ní 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bólà, lẹ́yìn tí ènìyàn mẹ́jọ ti kú, dókítà Stella Adadevoh sì wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó tún ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn láti mọ àmì ewu, kí wọ́n sì tètè gbé aboyún lọ sí ọsibítù ìjọba, irú bíi ti Alímòṣọ́ tó wà ní Ìgándò.