Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: láti Bogotá dé Ilé-Ifẹ̀

Bí a bá ń pìtàn Kétu, Ilé-Ifẹ̀ la máa ń tọ́ka sí. Ìtàn tòní kì í ṣe tọba. Ti ọmọ ìkókó ni.

Ní 1978, ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, àpótí amóoru tí àwa ń pè ní couveuse kò kárí. Ọmọ méjì-mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ́ sínú ẹyọ kan, àrùn sì ń ràn. Dókítà Edgar Rey Sanabria ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ sí àyà, ara kan ara, láìsí aṣọ láàárín. Àwọn kan pè é ní ọgbọ́n tálákà. Ìwádìí tẹ̀lé ìwádìí, ó jẹ́.

Síbẹ̀, wọ́n ní kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú àpótí ná. Ìyẹn lè gba ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ikú ń mú wọn jù. Ta ló ti dán an wò? Wọ́n wá dán an wò ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tansaníà àti Nàìjíríà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọmọ 3,211 ni, kò sí èyí tó wọn kílò méjì. Apá kan bọ́ sí àyà ìyá láìpẹ́ tí wọ́n bí i, apá kejì dúró bí ti tẹ́lẹ̀. Kí ọjọ́ 28 tó pé, nínú ọgọ́rùn-ún, bí 16 kú lápá tó dúró, 12 lápá tàyà. Ní oṣù kìíní 2020, wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí: kò tọ́ mọ́ láti máa fi ọmọ kankan sẹ́yìn. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìlànà padà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló yí padà jù. Bẹ́ẹ̀dì ìyá gbọ́dọ̀ wọ yàrá ọmọ, kí ìtọ́jú yòókù máa lọ níbẹ̀. (Ẹ má pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn o, àyà la wí.) Nínú ìwádìí yẹn, nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́ lọmọ ń lò lórí àyà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kò lè dá a ṣe. Ẹlòmíràn nínú ẹbí ń gbà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ìyá àgbà jókòó síta, ẹ fi sùúrù bi nọ́ọ̀sì pé: ṣé kò lè bá wa gbé e sí àyà ni?